Wákàtí mélòó ni láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè: "Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bímọ, mo sì ń lọ bá a tọ́jú ìkókó. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rà fún mi sọ pé bàálù á gbéra ní Ìkẹjà ní Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2026, aago 10:30 òwúrọ̀, á sì dé Heathrow ní aago 5:00 ìrọ̀lẹ́. Àbọ̀ mi ni ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2027, láti aago 11:00 òwúrọ̀ sí 6:25 ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, àlọ gba wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, àbọ̀ gba méje àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀nà kan náà kọ́ ni? Ọmọ ọmọ mi tó wo bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó lórí fóònù rí 5,000, ó rí 3,100, ó tún rí 2,700. Èwo ló tọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ká pa tíkẹ́ẹ̀tì yìí tì, ká gba èyí tó ń gba Doha ní Qatar kọjá torí pé ó dín lówó. Aago mélòó ni kí n tiẹ̀ kúrò nílé?"

Ẹ kú oríire ìkókó o, Ìyá wa. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Ọ̀rọ̀ aago ni kí á kọ́kọ́ tú. Àbọ̀ yín kò gùn ju àlọ lọ rárá. Kódà, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi kúrú sí i. Aago tí wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù bá wà lásìkò náà ni: ibi tó ti gbéra, aago ibẹ̀; ibi tó gúnlẹ̀ sí, aago ibẹ̀. Àwa ní Nàìjíríà kì í yí aago wa padà láti ọdún dé ọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, wọ́n á sún un síwájú ní wákàtí kan. Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá a padà. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ló bọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, wọn ò tíì dá aago wọn padà, nítorí náà aago Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. 10:30 sí 5:00, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ máa padà nínú oṣù Kìíní, aago tiwọn ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Nígbà tí aago bá lu mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀sán gangan, aago méjìlá, ni níbí. Láti aago méjìlá dé 6:25, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni. Ẹni tó bá rìn láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kẹta, kó fi wákàtí kan kún iye tó bá rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ, kó sì yọ wákàtí kan kúrò nínú ti àbọ̀. Láwọn oṣù yòókù, bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe máa kà á.

Ẹ̀yin fúnra yín á wà lọ́hùn-ún ní òru ọjọ́ 25 yẹn. Fóònù á yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ àti aago ara ògiri kì í dá yí. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí dé ṣọ́ọ̀ṣì ní wákàtí kan ṣáájú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ilé tó bá sì ti máa ń pè yín láti Ìjẹ̀bú lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, láti ọjọ́ yẹn lọ aago mẹ́jọ ni wọ́n máa bá yín.

Ó ku ti ọ̀nà. Gbogbo iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ náà rí ló tọ̀nà, ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. 5,000 jẹ́ kìlómítà. 3,100 jẹ́ máìlì orí ilẹ̀, èyí tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609. 2,700 jẹ́ máìlì ojú omi, èyí tí àwọn awakọ̀ ojú omi àti awakọ̀ òfuurufú ń lò, tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ fi 2,700 lọ́po 1.852, 5,000 náà lẹ máa bá.

Ìdí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú kò fi fi ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ nìyí. Wọ́n pín yíyípo ayé sí ìdá 360, wọ́n sì pín ìdá kọ̀ọ̀kan sí 60. Ẹyọ kan nínú 60 yẹn ni máìlì ojú omi. Láti Ìkẹjà dé Heathrow jẹ́ ìdá 45 géérégé, ìyẹn 45 lọ́nà 60, tó jẹ́ 2,700. Ìdá 45 nínú 360 sì ni ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí ẹ bá mú ọsàn kan, tí ẹ fi òwú yí i po láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ó fi padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ wá gé òwú náà sọ́nà mẹ́jọ, gígùn ẹyọ kan ni ìrìn-àjò yín nínú yíyípo ayé.

Lójú ọ̀nà yẹn, bàálù kì í yà sọ́tùn-ún tàbí sósì púpọ̀. Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí ìlà kan náà. Lọ́ńdọ̀nù kàn fi díẹ̀ sún sí ìwọ̀ oòrùn ni. Bí ẹ bá na okùn gbọọrọ láti Ìkẹjà, á gba ojú ọ̀run orílẹ̀-èdè Benin, á fẹ̀gbẹ́ kan Niger, á gé igun Mali kan, á wá wọ Algeria. Ibẹ̀ ló ti máa pẹ́. Algeria nìkan ju kìlómítà 1,800 lọ lójú ọ̀nà yẹn, bíi wákàtí méjì, iyanrìn Sàhárà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ẹ rí i pé ilẹ̀ kàn pupa lọ láìlópin, kì í ṣe pé bàálù dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni Òkun Mẹditaréníà, etí ìlà oòrùn Spéènì, ilẹ̀ Faransé, omi tóóró tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti dé nìyẹn.

5,000 yẹn, ìwọ̀n okùn gbọọrọ ni. Bàálù gan-an ń tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ lójú ọ̀run, ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀, nítorí náà ó máa ń rìn ju iye yẹn lọ díẹ̀. Nígbà míì kì í ṣe díẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger lọ́dún 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àkókò yẹn, bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa ní láti pẹ́ Niger sílẹ̀, wákàtí ìrìn sì lé sí i. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ máa rìn, ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò padà. Wọ́n lè ti yí aago rẹ̀.

Ní ti wákàtí, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá kàn fi kìlómítà pín eré bàálù máa sọ pé wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Bàálù ńlá ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè. Ìyẹn kìlómítà 15 ní ìṣẹ́jú kan: kí ẹ tó ka oókan dé ọgọ́fà, ó ti fò láti orí Ìjẹ̀bú-Òde dé orí Ṣágámù. Ṣùgbọ́n kò kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú eré yẹn. Bí ogún sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ ló fi ń gun òkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 35,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà tó yà díẹ̀ kún un, ó di nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀run.

Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wá jẹ́ nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti bàálù sẹ́yìn kúrò lẹ́nu géètì ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń kà á, títí táyà rẹ̀ á fi dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu géètì ní Heathrow. Yíyí kiri lórí ilẹ̀ kó tó dé ibi tó ti máa sáré gbéra wà nínú rẹ̀. Dídúró de àwọn tó wà níwájú wà nínú rẹ̀. Ní Heathrow, ó tún lè jẹ́ pé wọ́n á ní kí bàálù máa yí po lójú ọ̀run fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, torí pé ojú ọ̀nà méjì péré ni pápá náà ní, bàálù tó sì ń bọ̀ pọ̀. Ibi mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún yíyí po yìí káàkiri ẹ̀gbẹ́ ìlú náà. Bí ẹ bá rí i pé abúlé kan náà ń kọjá lábẹ́ fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fọkàn balẹ̀, orí ìlà ni wọ́n wà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí àlọ àti àbọ̀ yàtọ̀ púpọ̀, nígbà tí àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà máa ń sọ pé àbọ̀ wọn yá ju àlọ lọ. Afẹ́fẹ́ líle tó wà lókè níbi tí bàálù ń fò máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń lọ New York ń dojú kọ ọ́. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tì. Tiyín, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbá bàálù ní àtàlọ àtàbọ̀. Ẹ wo bí ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ń sọdá ọ̀sà ní Ìwópín nígbà tí omi ń ṣàn. Kì í kọjú sí èbúté gan-an. Á yí imú ọkọ̀ sí òkè odò díẹ̀, omi á máa gbé e sísàlẹ̀, á sì bọ́ sí ibi tó fẹ́. Bí awakọ̀ òfuurufú náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìdíwọ́ rẹ̀ sì kéré ní àlọ àti àbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú pé ìhà àríwá tààrà lẹ ń lọ. Oorun yín kò ní dàrú bíi ti ẹni tó lọ Amẹ́ríkà. Ohun tó máa ṣàjèjì sí yín ni ojúmọ́: nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, oòrùn wọn kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ó sì ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ní ti Doha, ẹ jẹ́ kí á wo okùn náà lórí ọsàn. Láti Èkó dé Doha jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,500, ó ti ju gbogbo ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ. Láti Doha dé Lọ́ńdọ̀nù tún jẹ́ nǹkan bí 5,200. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 10,700 lọ, ìyẹn ìlọ́po méjì àti díẹ̀, láì tíì ka wákàtí tí ẹ máa fi jókòó ní Doha. Istanbul ní Tọ́kì sàn díẹ̀, àpapọ̀ tirẹ̀ tó 7,100. Bí owó ló bá ń yọ yín lẹ́nu lóòótọ́, tí ẹ sì fẹ́ gba ibòmíràn kọjá, Casablanca ní Mòrókò ni kí ẹ wò: nǹkan bí 3,200 dé ibẹ̀, 2,100 láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, àpapọ̀ 5,300. Kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n fún ìyá àgbà tó ń dá rìn, tó ní ẹrù lọ́wọ́, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má kúrò nínú tíkẹ́ẹ̀tì tààrà yẹn. Ibi tí ènìyàn ti ń pààrọ̀ bàálù ni ẹrù ti ń sọnù, ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń pàdánù bàálù kejì.

Ó wá ku ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà, òun gan-an ló sì ń kọ mí lóminú jù nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí. Kìlómítà 5,000 lójú ọ̀run, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bíi kìlómítà 100 lórí ilẹ̀, ó lè gba wákàtí méjì, ó lè gba márùn-ún. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ mú. Tọ́sìdé ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira ni, ìsinmi. Fráìdé ọjọ́ 2 ni Fráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù, alẹ́ ìsìn ńlá ní Kámúpù Rìdíìmù. Ọ̀sán Fráìdé ni ọkọ̀ ti máa ń kún lọ sí Kámúpù láti Èkó, àárọ̀ kùtùkùtù Sátidé ni gbogbo wọn ń padà sí Èkó. Apá tí wọ́n ń gbà padà yẹn, láti Mọ́wé dé Ìbàfò dé Bẹ́gà, apá tiyín gan-an ni, àsìkò tiyín sì ni. Ẹni tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde láago mẹ́rin ìdájí Sátidé yẹn, tó rò pé ilẹ̀ á mọ́ bá òun ní Ìkẹjà, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lè dá a dúró ní Mọ́wé títí aago mẹ́jọ.

Ọ̀nà Ìtòkín sí Ìkòròdú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mile 12 àti Kẹtu ló máa já yín sí, àárọ̀ Sátidé ọjà sì ni. Èmi kò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ lọ sun Èkó. Tọ́sìdé ló dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kúrò nílé ní aago méje òwúrọ̀ Fráìdé, kí ẹ ti kọjá Bẹ́gà kó tó di ọ̀sán. Ọ̀dọ̀ ẹbí tó bá wà ní Ọ̀jọ́dú, Ògbà tàbí Ìkẹjà ni kí ẹ sùn, ẹ má lọ sí Lẹ́kí tàbí Àjáh, torí ìyẹn tún jẹ́ ìrìn-àjò mìíràn. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Gateway tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru sún mọ́ yín ju Ìkẹjà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ ni bàálù ti ń gbéra.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ wà ní pápá ọkọ̀ ní aago méje. Ẹ sọ fún dírẹ́bà pé ibi tí wọ́n ti ń wọ bàálù òkè òkun lẹ ń lọ, kó má gbé yín lọ sí ibi tí àwọn èrò Àbújá ti ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ti káńtà wọn ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra, àwọn míì ń tì í ṣáájú bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti tì í, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣí i. Ohun tó sì ń fi àkókò ṣòfò jù níbẹ̀ ni ẹrù tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Kìlógíráàmù 23 ni wọ́n sábà máa ń fún báàgì kan, ẹ wo iye báàgì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 22, torí òṣùwọ̀n ilé lè tàn yín jẹ. Gáàrì Ìjẹ̀bú kò ní wàhálà. Ẹran gbígbẹ àti wàrà ni kí ẹ má gbé, wọn ò gbà wọ́n wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀dọ̀ wa.

Àbọ̀ oṣù Kìíní ní ewu tirẹ̀: ọyẹ́. Bí eruku àti kùrukùru bá bo Ìkẹjà débi pé awakọ̀ kò rí ojú ọ̀nà, wọ́n lè dá bàálù dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí kí wọ́n gbé e lọ balẹ̀ sí Àbújá tàbí Accra títí ojú ọjọ́ á fi mọ́. Kí ẹni tó máa wá gbé yín ní Ìkẹjà mọ èyí, kó máa wo ipò bàálù náà lórí fóònù kó tó kúrò ní Ìjẹ̀bú. Ẹ má fi òde pàtàkì kankan sí ọjọ́ 14.

Bí ìdádúró àbọ̀ yẹn bá jẹ́ ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ bàálù, tí kì í ṣe ti ojú ọjọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà fún yín, ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ lẹ ti gbéra. Bí ẹ ṣe jìnnà tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó náà, ọ̀nà yín sì ju kìlómítà 3,500 lọ, ìpele tó ga jù. Bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́ dé, tí kò tó mẹ́rin, pọ́n-ùn 260 ni. Bó bá tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, pọ́n-ùn 520. Bó bá jẹ́ ọyẹ́ ló fà á, kò sí owó, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ibi tí ẹ máa sùn ṣì di tiwọn. Nítorí náà, ẹ má ju ìwé ìwọkọ̀ yín nù títí ẹ ó fi délé.

Ọkọ ọmọ yín kò ní láti dúró ní Heathrow láti aago márùn-ún. Lẹ́yìn tí bàálù bá dúró, ìwé ìrìnnà àti dídúró de ẹrù lè gba wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Kó wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà, kó sì rí i dájú pé ẹ̀yin méjèèjì mọ nọ́ńbà tẹ́mínà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí tẹ́mínà tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì jìnnà síra.